Lac Seul: Ẹja Ńlá Lórí Ilẹ̀ Tí Omi Bò

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo apẹja kan ní ìparí oṣù kẹjọ, lórí adágún tí wọ́n ń pè ní Lac Seul, ní ìhà àríwá ìwọ̀ oòrùn ìpínlẹ̀ Ontario, ní orílẹ̀-èdè Kánádà. Ìwọ̀ rẹ̀ ti gbé ẹja. Ó fà á, ẹja náà fà á padà, títí ó fi fi àwọ̀n ọlọ́wọ́ gbé e wọ inú ọkọ̀. Ẹja tí ó sanra ni, ara rẹ̀ ń dán bíi wúrà. Ṣùgbọ́n kàkà kí ọkùnrin náà sọ ọ́ sínú agbọ̀n, pátákó ìwọ̀n ni ó kọ́kọ́ mú. Ó tẹ́ ẹja lé e láti ẹnu dé ìrù: sẹ̀ǹtímítà 49. Kò sọ nǹkan kan. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹja náà padà sínú omi jẹ́jẹ́, ó sì tún ìdẹ mìíràn fi sí ìwọ̀.

Bí ẹni tí ebi ń pa bá rí i láti òkèèrè, yóò sọ pé orí ọkùnrin yìí kò pé. Bẹ́ẹ̀, òfin ni ó pa á láṣẹ. Lórí Lac Seul, apẹja tí ó gba ìwé àṣẹ ìjọba lè mú doré 4 lọ sílé; ẹni tí ó ra ìwé àṣẹ tí owó rẹ̀ kéré kò lè mú ju 2 lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí gígùn rẹ̀ bá wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 46 àti 53 kò sí nínú kíkà. Omi ni yóò padà sí. Nínú àwọn tí ó bá sì ju 53 lọ, ẹyọ kan ṣoṣo ni a gbà fún un. Ti brochet náà ní ààlà tirẹ̀: láti sẹ̀ǹtímítà 70 dé 90, a ó dá a padà, èyí tí ó ju 90 lọ, ẹyọ kan.

Kí a tó lọ jìnnà, orúkọ ẹja méjèèjì yìí fún mi ní wàhálà díẹ̀. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn ní omi wa, nítorí náà wọn kò ní orúkọ ní èdè wa. Àwọn onímọ̀ ń pe ti àkọ́kọ́ ní Sander vitreus. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ ń pè é ní walleye tàbí pickerel. Àwọn Anishinaabe, tí wọ́n ti wà lórí ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé, ń pè é ní ogaa. Àwọn elédè Faransé Kánádà ní tiwọn wo àwọ̀ ara rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní doré, bí ẹni sọ pé oníwúrà. Èkejì ni brochet, Esox lucius, tí àwọn Anishinaabe ń pè ní ginoozhe. Ó wù mí kí n dá orúkọ Yorùbá kan sílẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò fọwọ́ kan ọmọ rí kò yẹ kí ó ṣe ìsọmọlórúkọ. Orúkọ Faransé wọn ni a ó máa lò.

Ojú doré ni ohun àkọ́kọ́ tí ènìyàn ń rí lára rẹ̀. Ó tóbi, ó sì ń kọ mànà bí ojú ológbò lóru. Ohun kan bí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ wà lẹ́yìn ẹyinjú rẹ̀ tí ó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, tí ó fi jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ kékeré tí ó bá wọ inú omi, ẹ̀ẹ̀mejì ni ojú náà ń lò ó. Nítorí èyí, doré ń ríran níbi tí ẹja kéékèèké tí ó ń dọdẹ kò ti ríran dáadáa: ní ìdájí, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ìkùukùu bá bo oòrùn, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń ru ojú omi. Omi Lac Seul fúnra rẹ̀ kò mọ́ gaara. Ó dúdú díẹ̀ bí omi tí a fi ewé sè. Nítorí náà, doré ibẹ̀ lè máa jẹun ní ọ̀sán gangan, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú adágún tí omi rẹ̀ mọ́ bá ń sá fún oòrùn.

Brochet yàtọ̀ pátápátá. Ó gùn gbọọrọ, ẹnu rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, eyín sì kún inú rẹ̀. Àwọn eyín mìíràn dorí kọ ọ̀nà ọ̀fun, tí ohun tí ó bá ti wọlé kò fi lè yọ jáde mọ́. Kì í lé ẹran kiri. Á dúró láìmira láàárín koríko omi, bí ọfà tí a ti fi sórí ọrun, títí ẹja mìíràn yóò fi kọjá níwájú rẹ̀. Nítorí eyín yẹn, àwọn apẹja kì í so ìwọ̀ tí wọ́n fi ń mú un mọ́ okùn lásán. Wáyà irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n máa ń fi sáàárín.

Kí wá ni ìparí ìgbà ooru ń ṣe fún àwọn méjèèjì? Fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, omi dídì ni ó ń bo adágún náà, tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀. Bí omi dídì bá ti yọ́ ní ìgbà ìrúwé ni doré ń yé ẹyin. Nítorí èyí, a kò gbọ́dọ̀ pa á láti ọjọ́ 15 oṣù kẹrin títí di Sátidé kẹta nínú oṣù karùn-ún. Lẹ́yìn náà ooru á dé, omi á lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́ ní etí bèbè, doré á sì fi àwọn ẹ̀bá omi sílẹ̀, á kọrí sí àárín adágún, sí orí àwọn òkè àpáta tí omi bò mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni apẹja ti ń wá a ní oṣù kẹjọ. Ó ní ẹ̀rọ kékeré kan nínú ọkọ̀ tí ń fi ohùn wọn ìsàlẹ̀ omi, tí ó sì ń ya òkè àti kòtò rẹ̀ fún un lójú. Bí ó bá rí òkè kan tí orí rẹ̀ wà ní nǹkan bíi mítà 6 sí 9 nísàlẹ̀, tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ lù ú, á dúró níbẹ̀. Ìwọ̀ tí a rọ òjé mọ́ lórí, tí a fi ekòló tàbí ẹja wẹ́wẹ́ bò, ni yóò sọ̀ kalẹ̀ títí yóò fi kan ilẹ̀, á gbé e sókè díẹ̀, á tún jẹ́ kí ó balẹ̀. Ẹja doré kì í já a gbà bí olè. Ó máa ń dà bí ẹni pé ohun kan wúwo díẹ̀ sí i lórí okùn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ àlejò ni ẹja ti jẹ ìdẹ wọn tán kí wọ́n tó mọ̀.

Ní ti brochet, àwọn kéékèèké wà nínú koríko omi látìgbà ooru dé ìgbà òtútù, ẹnikẹ́ni tí ó bá ju irin dídán pẹlẹbẹ síbẹ̀ yóò rí mú. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà inú wọn kò fẹ́ omi gbígbóná. Bí ooru bá ti mú, wọ́n á lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí omi tutù, níbi tí àwọn ẹja ọlọ́ràá bíi corégone ń rìn lọ́wọ̀ọ́wọ́. Nígbà tí òru bá bẹ̀rẹ̀ sí í tutù ní ìparí oṣù kẹjọ, tí omi ojú ń tutù díẹ̀díẹ̀, wọ́n á tún máa padà sí etí koríko. Ìyẹn ni àwọn tí ó mọ adágún náà ṣe ń fẹ́ràn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yìí, kí oṣù kẹsàn-án tó jìnnà: doré ṣì wà lórí òkè rẹ̀, brochet ńlá sì ti ń bọ̀ wálé.

Lọ́sàn-án, wọ́n á gúnlẹ̀ sórí àpáta ní etí erékùṣù kan. Wọ́n á dáná igi, wọ́n á gé doré tí òfin gbà wọ́n láyè láti pa, wọ́n á yí i nínú ìyẹ̀fun, wọ́n á sì din ín pẹ̀lú ànàmọ́ òyìnbó. Ẹran rẹ̀ funfun, egungun rẹ̀ kò díjú. Ti brochet náà dùn, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gé e ní láti mọ ọ̀nà ọ̀bẹ, nítorí egungun kan wà nínú ẹran rẹ̀ tí ó pín sí méjì bí igi kànnàkànnà. Èyí tí wọ́n bá sì fẹ́ gbé lọ sílé, wọ́n gbọ́dọ̀ fi awọ díẹ̀ sílẹ̀ lára ẹran náà, kí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó bá dá wọn dúró lójú ọ̀nà lè mọ irú ẹja tí ó jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ẹja sẹ̀ǹtímítà 49 yẹn. Kí ló dé tí ti àárín fi di àpọ́nlé, tí a sì gba ti kékeré láyè? Ní omi tútù báyìí, ẹja kì í yára dàgbà. Kì í ṣe ọdún méjì mẹ́ta ni doré fi ń gùn tó bẹ́ẹ̀. Abo rẹ̀ ń tóbi ju akọ lọ. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wà ní ìwọ̀n yẹn jẹ́ abo tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ agbo ìyálọ́mọ. Ẹyọ kan nínú wọn lè yé ẹyin tí iye rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá-mẹ́wàá, àgbà inú wọn a sì máa kọjá ọ̀kẹ́ mẹ́wàá. Ẹni tí ó bá pa á ní ọdún yìí pa ọ̀pọ̀ ọdún tí ń bọ̀. Àwọn ará agbègbè náà sì ti rí i rí bí adágún ṣe ń ṣófo. Ní Lac des Bois, tí ó wà ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Lac Seul, ẹja esturgeon pọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ ní àwọn ọdún 1890. Àwọn oníṣòwò ń pa á nítorí ẹyin rẹ̀ tí a ń tà fún àwọn olówó. Ṣáájú kí ọ̀rúndún ogún tó jìnnà, òwò náà ti wó lulẹ̀, nítorí kò sí ẹja mọ́. Esturgeon kì í tètè bí, títí di òní díẹ̀díẹ̀ ni ó ń padà bọ̀ sípò.

Ṣùgbọ́n òfin lè sọ pé kí a dá ẹja padà. Kò lè sọ pé kí ẹja náà yè. Níbí ni ìparí ìgbà ooru ti ń dán apẹja wò. Àpò afẹ́fẹ́ kan wà nínú ẹja tí ó fi ń dúró níbi tí ó bá fẹ́ nínú omi, tí kò fi rì, tí kò sì fi léfòó. Ti brochet ní ojú ihò kan tí ó lọ sí ọ̀nà ọ̀fun. Bí a bá fà á láti ìsàlẹ̀ wá sókè kíákíá, ó lè tú afẹ́fẹ́ jáde ní ẹnu, bí ìgbà tí ọmọ ìkókó bá gùnfẹ̀. Ti doré kò ní ojú ihò rárá. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ní láti wọ inú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ó tó lè dínkù, ìyẹn sì gba wákàtí púpọ̀. Ní mítà 10 nísàlẹ̀ omi, ohun tí ó ń tẹ ẹja mọ́lẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tí ń tẹ̀ ẹ́ ní ojú omi. Bí a bá fà á gòkè ní ìṣẹ́jú kan, afẹ́fẹ́ inú àpò náà á wú di ìlọ́po méjì. Ikùn á le, nígbà mìíràn àpòlúkù rẹ̀ á ti ara rẹ̀ jáde sí ẹnu. A dá a padà, ó sì ń léfòó lórí omi, kò lè rì. Ẹyẹ idì á wá gbé e, tàbí oòrùn á pa á.

Ohun tí ó burú níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó mú un kò lè sọ pé, ‘Níwọ̀n ìgbà tí yóò kú, ẹ jẹ́ kí n jẹ ẹ́.’ Bí gígùn rẹ̀ bá wà láàárín 46 àti 53, yóò jù ú padà, ààyè ni o, òkú ni o. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn, mo sì gbà pé òfin kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí a bá ṣí ilẹ̀kùn yẹn, gbogbo ẹja ni yóò ‘kú’ kí ó tó dé inú ọkọ̀. Apẹja fúnra rẹ̀ ni iṣẹ́ kù sí lọ́wọ́. Àwọn atọ́nà tí ó mọ iṣẹ́ wọn kì í pẹ́ lórí ẹja tí ó wà ní ìsàlẹ̀ mítà 9 tàbí 10. Bí wọ́n bá rí i lójú ẹ̀rọ pé ẹja pọ̀ níbẹ̀, wọ́n á tan ẹ̀rọ ọkọ̀, wọ́n á wá òkè mìíràn tí kò jìn tó bẹ́ẹ̀. Àlejò tí ó sanwó a máa bínú. Ó rí ẹja, a sì ń gbé e kúrò lórí rẹ̀.

Brochet ní ọ̀nà ikú tirẹ̀. Àpò afẹ́fẹ́ kọ́ ni yóò pa á, ooru ni. Bí a bá fà á jáde láti inú omi tútù, tí a bá a jà fún ìgbà pípẹ́ nínú omi ojú tí ó gbóná, agbára rẹ̀ á tán, kò sì ní rí afẹ́fẹ́ tí ó tó mí nínú omi bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, okùn tí ó lágbára ni kí a fi mú un, kí ìjà má bàa pẹ́. Kí a fi ẹ̀mú yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì wà nínú omi. Kí a sì dì í mú ní ìrù títí yóò fi já ara rẹ̀ gbà. Ẹni tí ó bá gbé e sókè fún fọ́tò mẹ́rin márùn-ún, tí ó wá sọ ọ́ sómi, kò tíì dá ẹja kankan padà.

Nǹkan mìíràn wà tí àlejò máa ń kíyè sí lórí Lac Seul, èyí tí kì í tètè béèrè ìdí rẹ̀: igi. Kùkùté dúró nínú omi ní ọ̀pọ̀ ẹ̀bá adágún náà, igi gbígbẹ ń léfòó káàkiri, òmíràn fara pamọ́ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan péré sábẹ́ omi, ó ń dúró de abẹ̀bẹ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀. Àwọn apẹja fẹ́ràn igi wọ̀nyí. Ẹja wẹ́wẹ́ ń sá sáàárín wọn, ẹja ńlá sì ń tẹ̀lé wọn lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n igi kì í hù nínú adágún. Ilẹ̀ ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ilẹ̀ ta ni? Ilẹ̀ àwọn Anishinaabe tí ó ń pe àwùjọ wọn ní Obishikokaang ni. Ní 1873, ìjọba Kánádà bá àwọn Anishinaabe agbègbè náà ṣe àdéhùn tí a ń pè ní Àdéhùn Kẹta. Àwọn ti Lac Seul fọwọ́ sí i ní 1874. Wọ́n ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún wọn ní gúúsù ìlà oòrùn adágún náà, wọ́n sì ṣèlérí pé wọn yóò máa ṣọdẹ, wọn yóò sì máa pẹja bí ti àtẹ̀yìnwá. Lẹ́yìn náà ni ìlú Winnipeg ń dàgbà, ó sì nílò iná mànàmáná. Ní 1928, ìjọba Kánádà, ti Ontario àti ti Manitoba fẹnu kò pé kí a sé omi ní Ear Falls, níbi tí odò ti ń jáde kúrò ní Lac Seul, kí omi tí a tò jọ síbẹ̀ lè máa ṣàn lọ déédéé sí àwọn ẹ̀rọ iná tí ó wà nísàlẹ̀ odò. Láti 1929 ni omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó ga tó mítà 3. Ó bo éékà 11 304 nínú ilẹ̀ tí a yà sọ́tọ̀ fún wọn, ìyẹn ju hẹ́kítà 4 500 lọ. Ilé lọ, ọgbà lọ, ibojì lọ. Kejick Bay, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn abúlé wọn, di erékùṣù. A kò gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn.

Ìrẹsì náà lọ. Àwọn Anishinaabe ní irú ìrẹsì kan tí ó ń dá hù nínú omi tí kò jìn, manoomin ni wọ́n ń pè é. Ìparí ìgbà ooru gan-an ni àkókò ìkórè rẹ̀. Oṣù tí ó bọ́ sí ìgbà náà ń jẹ́ Manoominike-giizis, oṣù ìkórè ìrẹsì. Ènìyàn méjì á wọ ọkọ̀ kan, ọ̀kan á máa fi òpó ti ọkọ̀ láàárín ìrẹsì, èkejì á fi igi kan tẹ pòròpórò rẹ̀ ba sórí ọkọ̀, á sì fi òmíràn lù ú jẹ́jẹ́ kí èso rẹ̀ lè dà sínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ewébẹ̀ yìí kò lè fara da omi tí ó ń gòkè tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ó ti wu oníná. Ibi tí omi bá ti jìn jù, kò ní hù mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan náà tí àlejò ń fi sọkùn sórí òkè àpáta ni ọ̀sẹ̀ tí àwọn onílé fi ń kórè lórí omi yẹn kí a tó sé e.

Ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Kánádà, nínú ẹjọ́ tí a ń pè ní Southwind. Ilé ẹjọ́ kékeré ti sọ pé kí a san mílíọ̀nù 30 dọ́là fún wọn, lẹ́yìn tí ó ti ṣírò iye tí ilẹ̀ náà ì bá jẹ́ ní 1929 bí ìjọba bá gbà á lọ́nà òfin. Ní ọjọ́ 16 oṣù keje ọdún 2021, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ yí ìṣirò yẹn padà. Ó ní ìjọba jẹ́ alágbàtọ́ ilẹ̀ náà, ó yẹ kí ó ti dúnàádúrà fún wọn gẹ́gẹ́ bí olóòótọ́, kí a sì ka iye tí ilẹ̀ náà tó fún iṣẹ́ iná mànàmáná mọ́ ọn. Ó dá ẹjọ́ náà padà kí a tún owó náà ṣírò. Adájọ́ kan ṣoṣo ni kò fara mọ́ ìdájọ́ yìí.

Lójú tèmi, ó yani lẹ́nu. Ìjọba kan lè fi pátákó ìwọ̀n wo ẹja dé sẹ̀ǹtímítà kan, kí ó sì mú ẹni tí ó bá kọjá ààlà; ó wá gbà tó 92 ọdún, láti 1929 dé 2021, kí ilé ẹjọ́ tó ó sọ fún ìjọba bẹ́ẹ̀ bí a ṣe ń wọn ilẹ̀ tí ó ti rì. N kò sọ pé òfin ẹja náà kò dára. Ó dára, mo sì ti sọ ìdí rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé láàárín ìwé àṣẹ tí àlejò rà àti ẹja tí ó dá padà, omi kan wà níbẹ̀ tí a kò gbà lọ́wọ́ onílé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ìparí oṣù kẹjọ, ilẹ̀ ti ń tètè ṣú díẹ̀ ju ti oṣù tí ó kọjá, atẹ́gùn sì ń rọlẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ń padà sí èbúté. Nínú òmíràn, ọmọ Anishinaabe ni atọ́nà tí ó jókòó nídìí ẹ̀rọ. Bí ó bá dé ibi tí kùkùté pọ̀ sí, á dín eré kù, á gbé ẹ̀rọ sókè díẹ̀ kí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ má bàa gbá igi, á sì máa fi ojú yàn án láàárín wọn. Àlejò á béèrè bí ó ti ṣe mọ ọ̀nà nínú òkùnkùn. Òun náà á nawọ́ sí apá kan, á ní òpópónà ni ó kọjá níbẹ̀ rí.